Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí ìpè bá di àbẹ̀wò

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ìpè fídíò pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. A yan mélòó kan nínú wọn, a gé àwọn tó gùn jù kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ilé wà nínú púpọ̀ wọn.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba kì í fẹ́ pè mí lásán mọ́, fídíò ṣáá ni. Mo rántí pé nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, a kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn Amẹ́ríkà ti ṣe tẹlifóònù tí ènìyàn fi ń rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí kó tó kàn wá? Ṣé ìpè tí a ti ń gbọ́ ohùn nìkan yóò wá parẹ́ ni?

Ìdáhùn: Bàbá, òótọ́ ni ohun tí ẹ kà, ó tilẹ̀ ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ní ọdún 1936, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì la ọ̀nà tẹlifóònù aláwòrán láàrin Berlin àti Leipzig. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó yóò lọ jókòó sínú yàrá kékeré kan ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ yóò sì lọ jókòó sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìlú kejì. Ìgbà ogun ni wọ́n pa á tì. Ní ọdún 1964, iléeṣẹ́ AT&T gbé èyí tí wọ́n pè ní Picturephone síta níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní New York, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìròyìn rẹ̀ ni ẹ kà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn oníṣòwò ní Pittsburgh ní ọdún 1970, 160 dọ́là ni owó oṣù kan, owó ńlá sì ni nígbà náà. Àwọn tó gbà á sílé kò tó nǹkan, iṣẹ́ náà sì kú.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, wọ́n tún gbìyànjú. Ní ọdún 1999, Kyocera ti ilẹ̀ Japan ta fóònù alágbèéká tí kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí ẹni tó mú un lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwòrán méjì péré ló lè fi ránṣẹ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yóò sì dà bí ẹni tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2003 ni iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìpè fídíò sì ni wọ́n fi ń polówó ara wọn. Àwọn ènìyàn ra fóònù náà, ṣùgbọ́n ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò ó fún.

Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń tà á bí ìpè, bẹ́ẹ̀ àbẹ̀wò ni. Ìpè ohùn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni: ènìyàn lè wà lórí ibùsùn, ó lè máa hó iṣu, ó lè wọ aṣọ àná, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti wọ ọ̀rọ̀, ilé, aṣọ, ara àti ẹni tó jókòó tini, gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba àlejò nígbà tó bá ń béèrè iye tí àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́. Ẹni tí a fẹ́ rí ní tòótọ́, tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tí owó ọkọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà kò jẹ́ kí á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni ìpè fídíò wà fún. Nígbà tí ó di pé àbẹ̀wò náà kò gba owó ìṣẹ́jú mọ́, ó tàn kálẹ̀. Skype fi fídíò kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2006, iPhone gbé FaceTime, ètò ìpè fídíò tirẹ̀, dé ní ọdún 2010, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2016, WhatsApp fi í sínú áàpù tó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé tẹ́lẹ̀. Fún àwa tí a bẹ̀rẹ̀ GSM ní ọdún 2001 pẹ̀lú nǹkan bí àádọ́ta náírà fún ìṣẹ́jú kan, tí a ń filáàṣì ara wa kí owó má baà tán, ìyípadà náà pọ̀ ju bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti lè mọ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, ará wa, ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, wà. Ní ọdún 2015, ìjọba wọn fi Wáífáì sí àwọn gbàgede àti ọgbà ìgbafẹ́ kan láàrin ìlú. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, lálaalẹ́, àwọn ènìyàn yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì àti etí ọ̀nà, wọn yóò gbé fóònù sókè, wọn yóò máa fi áàpù imo wo ojú àwọn ẹbí wọn ní Miami, tí ìyá ń sunkún ní gbangba, tí ọmọ ń fi bàtà tuntun hàn. Oṣù kejìlá ọdún 2018 ni dátà orí fóònù fúnra rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń san owó wákàtí nínú òkùnkùn ọgbà kò wá fi fóònù ṣeré, àbẹ̀wò ló wá ṣe.

Nítorí náà, Bàbá, ìpè ohùn kò ní parẹ́. Ohun tí yóò dínkù ni ìpè ohùn tí a ń fi rọ́pò àbẹ̀wò. Ní àkókò kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n kéde fún Èkó, Ògùn àti Àbújá ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìkómọ ló wáyé tí ìyá àgbà kò lè dé, tó sì jẹ́ lórí gíláàsì fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe fi oyin kan ahọ́n ọmọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Ìkẹjà dájọ́ ikú fún ọ̀daràn kan láti orí Zoom, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn sì fi ẹnu kùn ún gidigidi. Èmi náà gbà pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí á fi fóònù jẹ́. Ní ti àwọn ọmọ yín, ẹ dá ọjọ́ fún wọn, ẹ ní ọ̀sán Sunday ni fídíò, kí ọjọ́ yòókù jẹ́ ti ohùn. Ẹ ó rí i pé ẹ̀yin pàápàá yóò máa retí ọjọ́ náà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí. Ìlọrin ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi. Láti ìgbà tí àbúrò ọkọ mi ti ra fóònù ńlá fún ìyá wọn ní Ọ̀fà ni màmá kò ti mọ ìpè mìíràn ju fídíò lọ. Wọ́n lè pè ní ìdájí, wọ́n lè pè nígbà tí mo ń wẹ ọmọ. Bí n kò bá gbé e, wọn á ní mo ń sá fún àwọn. Bí mo bá sì gbé e láìbo orí, àwọn ọkùnrin àdúgbò ló máa ń jókòó tì wọ́n, gbogbo wọn ló ń wò mí.

Ìdáhùn: Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé a máa ké àgò, a sì dúró títí wọn yóò fi dáhùn pé àgò yà. Ìpè fídíò tí kò ní àgò ni ó ń yọ yín lẹ́nu. Fóònù ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídún fóònù kì í ṣe àgò, nítorí pé ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan ń pè, kò bi yín bóyá ilé gba àlejò lọ́wọ́lọ́wọ́. Àgò ìpè fídíò ni kí ènìyàn kọ́kọ́ fi ohùn pè tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ pé, “Ṣé mo lè rí yín báyìí?”

Ẹni tí yóò sọ èyí fún màmá kì í ṣe ẹ̀yin. Ọkọ yín ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá bá ìyá rẹ̀ sọ, ìyá á gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá sọ ọ́, yóò di ẹjọ́. Kí ó má sọ ọ́ bí ẹ̀sùn. Kí ó ṣàlàyé fún màmá pé bí wọ́n bá ń pè, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì tó ní àwòrán tẹlifóònù, kí wọ́n fi ti kámẹ́rà sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti jọ kí ara yín tán. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi bọ́tìnì méjèèjì han màmá nígbà tó bá lọ sí Ọ̀fà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló jẹ́ pé bọ́tìnì tí ọmọ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n nìkan ni wọ́n mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí màmá má tilẹ̀ mọ̀ pé èyí tí ẹ fẹ́ wà níbẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹ, bí ìpè bá wọlé nígbà tí kò rọgbọ, ẹ má jẹ́ kí ó dún títí tí yóò fi dákẹ́. Ẹ gé e, kí ẹ sì fi ohùn pè wọ́n padà lójú ẹsẹ̀: “Ẹ káàárọ̀ mà, ọmọ ni mò ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo máa gbé e wá kí ẹ rí i.” Màmá tó bá gbọ́ pé a ń gbé ọmọ bọ̀ kò ní rántí ẹ̀sùn mọ́. Ẹ má ṣe gbàgbé pé ojú ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń wá láti ìdájí, kì í ṣe orí yín tí kò bò.

Ní ti àwọn ọkùnrin tó ń wo gíláàsì láti ẹ̀yìn, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ẹni tó wà nítòsí kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Ó yẹ kí ó di àṣà gbogbo wa pé ẹni tó pe ìpè fídíò ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Èmi àti lágbájá ni a jọ wà níbí o.” Kámẹ́rà kò rí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn rò pé òun ń bá ẹnìkan sọ lè jẹ́ pé àwùjọ ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo ti rí ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fídíò, tó sì jẹ́ pé láti ìgbà tó ti kúnlẹ̀, ògiri àti fáànù nìkan ni ìyá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù ka nǹkan tó lọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀, kí wọ́n lè rí ìkúnlẹ̀ náà. Ohun tó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn òyìnbó ń ráhùn pé lórí fídíò, ojú ẹnikejì kì í pàdé ojú ẹni, nítorí pé òkè fóònù ni kámẹ́rà wà, àárín rẹ̀ sì ni ojú ń wò, ẹni náà á wá dà bí ẹni tó ń wolẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó ń wolẹ̀ nígbà tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ni ọmọ tí a kọ́. Ìyẹn kò lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin yín.

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà mi ní Èkó àti òkè òkun fẹ́ràn kí n fi ọjà hàn wọ́n lórí fídíò, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá dé ọwọ́ wọn, wọ́n á ní àwọ̀ tí àwọn rí kọ́ nìyí. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá, kì í ṣe aṣọ yín ló ń purọ́, kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà fóònù máa ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ibi tó bá wà. Bí gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù bá pọ́n, aró yóò dúdú ju bó ṣe yẹ lọ; bí ẹ bá gbé aṣọ sí abẹ́ oòrùn gangan, aró kan náà yóò ṣì bí aṣọ tó ti gbó. Ẹ gbé e bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti dé tí oòrùn kò sì tàn sí tààrà, kí ẹ tẹ́ bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Bí oníbàárà bá rí i pé bébà funfun lójú òun náà, àwọ̀ aṣọ kò ní jìnnà sí òótọ́. Kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù ni kí ẹ lò, nítorí pé òun ló sábà máa ń ríran jù.

Ẹ má sì máa fẹ aṣọ níwájú fóònù bí ẹ ti ń ṣe fún ẹni tó dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí fóònù bá ń fi fídíò ránṣẹ́, kì í fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì ló ń wá, èyí nìkan ni ó sì ń fi ránṣẹ́. Bí aṣọ bá dúró jẹ́ẹ́, iṣẹ́ kékeré ni, gbogbo iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ yóò sì yọ kedere. Bí ẹ bá ń jù ú sókè sódò, gbogbo àwòrán ló yí padà, fóònù kò lè gbé e, àwọn ìlà tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà yóò wá fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ sì máa rọra gbé fóònù káàkiri lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Aró tòótọ́ máa ń wọ aṣọ já, àmọ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń kó wọlé láti China, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣì. Níbi yìí, fídíò ń gbèjà àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé fọ́tò kì í fi ẹ̀yìn aṣọ hàn.

Ní ti owó, bí oníbàárà bá gbé fóònù mìíràn síwájú kámẹ́rà kí ẹ lè rí i pé òun ti sanwó, ẹ dúró kí àláàtì tiyín wọlé, kí ẹ sì wo inú àkáǹtì yín kí ẹ tó di ẹrù.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin kò gbọ́ràn láti kékeré. Ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Ìbàdàn, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bí mo bá pè, olùtọ́jú wọn ni yóò gbé e, yóò ní “Ó wà dáadáa.” Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń kọ ránṣẹ́ kì í pọ̀. Ṣé fídíò lè ràn wá lọ́wọ́, tàbí owó ni mo fẹ́ fi ṣòfò?

Ìdáhùn: Nínú gbogbo lẹ́tà tí a gbà, tiyín ló fi hàn jù pé ìpè fídíò lè yí ìgbé ayé ènìyàn padà. Alexander Graham Bell, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tẹlifóònù ní ọdún 1876, adití ni Mabel ìyàwó rẹ̀, etí ìyá rẹ̀ pàápàá ti di púpọ̀. Ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn méjèèjì kò lè fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àwọn tó ń gbọ́ràn ń pe ara wọn láti ìlú dé ìlú, ọ̀pọ̀ adití sì ní láti wá ẹni tí yóò bá wọn gbé ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ti ń ṣe láàrin ẹ̀yin àti ọmọ yín. Lórí fídíò, fún ìgbà àkọ́kọ́, òun náà lè pe ẹni tó bá wù ú, kí ó sì fi èdè ara rẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, títí kan ohun tí kò fẹ́ kí olùtọ́jú mọ̀.

Ìlú tí ọmọ yín wà náà ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1960 ni Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn adití ní Ìbàdàn, lẹ́yìn èyí tó ti dá sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957. Èdè ọwọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló gbé wá, ìdí nìyẹn tí èdè ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi súnmọ́ ti ọ̀hún. Bí ọmọ yín bá dàgbà tán, ó lè bá adití tó wà ní Washington sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé ju bí ẹ̀yin àti aládùúgbò rẹ̀ ọ̀hún ti lè ṣe lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú. Fóònù náà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ, nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ ra ohun ìgbéfóònù tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tàbí kí ó fi ìwé nípọn tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹ̀gbẹ́ fóònù dúró ní ìbú, kí àyè lè wà fún apá. Kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ó má kọ ẹ̀yìn sí i, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji lásán ni ẹ ó rí, bẹ́ẹ̀ ojú jẹ́ apá kan èdè ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ìka ti jẹ́: ìbéèrè àti ọ̀rọ̀ lásán lè jẹ́ ọwọ́ kan náà, kí ó jẹ́ pé ìrísí ojú nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Aṣọ tí kò ní àwòrán, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọwọ́, ló dára jù. Nínú ètò ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí, ẹ lè rí ibi tí ẹ ó ti ní kí iná ẹ̀yìn fóònù máa ṣẹ́jú nígbà tí ìpè bá wọlé, kí ọmọ lè mọ̀ láìgbọ́. Ẹ bá àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí àkókò, nítorí pé òfin fóònù wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín padà: ṣé ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ èdè ọwọ́? Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, fídíò yóò fi ojú ọmọ yín hàn yín, kò sì ní túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí ó máa kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú ìpè kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ tí kò ní fẹ́ ṣe olùkọ́ bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Ìpè fídíò ń jẹ dátà mi bí iná ti ń jẹ koríko, ó sì tún ń dúró. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Jẹ́ kí á jọ ṣírò rẹ̀. Bí àwòrán bá ń lọ ní ìwọ̀n kílóbíìtì 500 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, mẹ́gábáìtì 3.75 ni ìṣẹ́jú kan, nítorí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Tìrẹ ń lọ, ti ẹnikejì ń bọ̀, ó di 7.5, ìdajì wákàtí sì di 225. Ìpè ohùn lórí áàpù kan náà kò gba ju ìdá kékeré nínú èyí lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìṣirò náà ti di ti àpò. Lọ sínú ètò WhatsApp, sí ibi tí wọ́n kọ “Storage and data” sí, kí o tan “Use less data for calls”. Àwòrán náà kò ní mọ́ kedere tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n dátà yóò pẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá kíkí, ẹ pa kámẹ́rà méjèèjì.

Ní ti dídúró, kì í ṣe fóònù rẹ ló ń fà á nígbà gbogbo. Abẹ́ òkun ni wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sí òkè òkun gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, mélòó kan nínú wọn já pa pọ̀ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Houston. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ńbà tuntun kan pè mí lórí fídíò, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó pe orúkọ mi, àwòrán sì dúró lójijì. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, kí n bá òun fi owó ránṣẹ́ sí ẹnìkan ní Ìkòròdú kíákíá, òun yóò dá a padà. Ọkọ mi ní kí n má fi ránṣẹ́. Mo sì fi ojú ara mi rí i!

Ìdáhùn: Ọkọ yín gbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá Hong Kong ṣàlàyé ọ̀ràn òṣìṣẹ́ kan tó ń mójú tó owó ní iléeṣẹ́ ńlá kan. Àwọn oníjìbìtì pè é sí ìpàdé fídíò, ó rí ojú ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn wọn, ó sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ránṣẹ́ bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Òun nìkan ni ènìyàn tòótọ́ nínú ìpàdé náà, kọ̀ǹpútà ló dá àwọn yòókù. Àwọn oníjìbìtì tiwa kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Fídíò kékeré tí ẹ̀gbọ́n yín gbé sórí Facebook níbi ayẹyẹ kan ti tó wọn, ìdí sì nìyẹn tí àwòrán fi máa ń tètè dúró: ibi tí wọ́n ní ti tán.

Àwọn kan ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó ní kí ẹni náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó fi ọwọ́ gba iwájú ojú kọjá, nítorí pé ojú èké sábà máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ó wúlò lónìí, ṣùgbọ́n n kò ní gbára lé e pẹ́ títí. Ohun tó dára jù ni ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: orúkọ tí ìyá àgbà yín nìkan fi ń pè é, tàbí ẹni tó lù ú nígbà tó fọ́ ìkòkò. Bí ó bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ gé e.

Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì tí yóò jẹ́ kí òun rí ojú fóònù yín nígbà ìpè, ohun tí WhatsApp fi kún iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2023, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ dájú. Nọ́ńbà OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí báńkì bá fi ránṣẹ́ ní àkókò náà, òun náà yóò kà á pẹ̀lú yín. Ẹ sì máa rántí pé ẹni tó wà ní òdìkejì lè fi fóònù mìíràn gba gbogbo àwòrán yín sílẹ̀ láìjẹ́ pé fóònù yín mọ̀ rárá.

Lálẹ́ òní, ẹ fi ohùn pe nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe òun, ẹ fi nọ́ńbà tuntun náà àti nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n kọ fún yín tó báńkì àti ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí tó wà lórí gúrúùpù yín, nítorí pé ẹni tó pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ní ojú àti ohùn ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, yóò sì pe ẹlòmíràn.